Irú Akẹ́kọ̀ọ́ Tàbí Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Dé? Àyẹ̀wò Èrò Ọ̀nà Ìkẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ìkọ́ni Oríkì ní Ọ̀fà

1.0 Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ tí ó ti dúró níwájú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí bákan náà. Ohun tí olùkọ́ sọ lẹ́ẹ̀kan tí ó yé ọmọ kan, ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé ẹlòmíràn. Òwe ìka tí kò dọ́gba ni àwọn Yorùbá ti fi sọ èyí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ síra wọn, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà, ọ̀tọ̀ sì tún ni kí ó mọ ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣe sí i. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́, tí ó fẹ́ fi ìdáhùn kan ṣoṣo yanjú ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Pé ojú ni àwọn kan fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, etí ni àwọn kan, ọwọ́ àti ara ni àwọn mìíràn. Àti pé iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mọ irú ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ó sì kọ́ ọ ní ọ̀nà tí ó bá irú rẹ̀ mu.

Èrò yìí ni bébà yìí yẹ̀ wò. Ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni ó fi ṣe ojú ìwòye, oríkì sì ni ó mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni ó fi yan oríkì. Èkíní, oríkì jẹ́ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ alohùn tí etí, ẹnu, ojú àti ara jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èkejì, ó jẹ́ ohun tí ilé ń kọ́ ọmọ, tí ilé-ìwé náà sì ń kọ́ ọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe láti gbé ọ̀nà ìkọ́ni méjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Kókó tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn elérò ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi ìyàtọ̀ náà pè. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé nínú iṣẹ́, àti bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe rí, ni ó yẹ kí ìkọ́ni bá mu. Irú ènìyàn tí wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni.

2.0 Ìpìlẹ̀ Èrò Náà

Èrò ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ kò ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá. Kolb gbé ìwé ìbéèrè tirẹ̀ jáde ní ọdún 1976, ó sì fi odidi ìwé tì í lẹ́yìn ní 1984. Dunn àti Dunn (1978) kọ́ àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe lè ṣètò kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yàn láàyò. Fleming àti Mills (1992) ni wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ìsọ̀rí mẹ́rin tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn olùkọ́: àwọn tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn gbígbọ́, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn kíkà àti kíkọ, àti àwọn tí wọ́n fẹ́ràn fífi ọwọ́ ṣe é. Ní ti Gardner (1983), ohun tí ó sọ ni pé òye ènìyàn kì í ṣe ẹyọ kan, pé oríṣiríṣi ni. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ òun yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó da méjèèjì pọ̀. Nígbà tí Coffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn àgbékalẹ̀ wọ̀nyí ní 2004, 71 ni wọ́n kà. Iye yìí nìkan tó láti kọ ènìyàn lóminú. Bí àádọ́rin adáhunṣe bá wo aláìsàn kan ṣoṣo, tí oníkálukú sì pe àìsàn náà ní orúkọ ọ̀tọ̀, ẹbí aláìsàn kò ní ṣàì béèrè bóyá àìsàn kan wà níbẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, kò ní tọ́ kí wọ́n da èrò náà nù láì kọ́kọ́ sọ ohun rere tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ó tó dé, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé: olódo. Ọmọ tí wọ́n bá ti pè bẹ́ẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ gba orúkọ náà gbọ́. Èrò ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó sọ fún olùkọ́ pé ẹ̀bi lè wà lọ́wọ́ ọ̀nà tí ó gbà kọ́ ọmọ náà, pé kí ó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Inú rere ni ó ti wá. Ìdí nìyí tí ó fi wọ àwọn olùkọ́ lọ́kàn, tí ó sì fi ṣòro láti bá a jiyàn.

Ewu rẹ̀ ni pé orúkọ ni ó fi pa orúkọ rẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo di ọmọ tí wọ́n ń pè ní ẹni-ọwọ́, wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ìwé kì í ṣe ti irú rẹ̀. Ewu náà tún lè ti orí ọmọ kan kọjá sórí odidi ẹ̀yà. Berry (1966) wé àwọn Temne ti Sierra Leone mọ́ àwọn Eskimo ti Kánádà nínú bí wọ́n ṣe ń fi ojú yọ àwòrán kékeré jáde láti inú àwòrán dídíjú, ó sì so ìyàtọ̀ tí ó rí mọ́ irú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé àti bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ wọn. Ìwádìí náà kò burú. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ sí kí ẹnìkan sọ pé etí ni ọmọ Áfíríkà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ láti fi yin àṣà Yorùbá, wọn kò ranti pé ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé etí ni tirẹ̀ kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ pé ìwé kì í ṣe tirẹ̀.

3.0 Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn

Èrò yìí ṣeé dán wò, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dán an wò kò sì díjú. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè ya àwọn ẹni-ojú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹni-etí. Kí wọ́n wá pín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí wọ́n fi àwòrán kọ́ apá kan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ apá kejì. Lẹ́yìn èyí, ìdánwò kan náà ni kí gbogbo wọn ṣe. Bí èrò náà bá jẹ́ òótọ́, àwòrán ni yóò ran ẹni-ojú lọ́wọ́ jù, ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò sì ran ẹni-etí lọ́wọ́ jù. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni ó ran ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́wọ́, èrò náà ti ṣubú nìyẹn.

Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn (2008) wá irú ìwádìí báyìí káàkiri inú ìwé. Wọ́n rí i pé díẹ̀ kíún ni ó tẹ̀lé ìlànà yìí nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti kọ, àti pé nínú díẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ni kò gbe èrò náà lẹ́sẹ̀. Wọn kò sọ pé ọmọ kò ní ohun tí ó fẹ́ràn. Ọmọ lè fẹ́ràn àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ bí ó ṣe lè fẹ́ràn iyán ju àmàlà lọ. Ohun tí ẹ̀rí kò fi hàn ni pé ohun tí ọmọ fẹ́ràn ni ó máa ń mú kí ó mọ̀ jù.

Ìbéèrè kan wá kù tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn: kí ló dé tí àwọn olùkọ́ tí wọ́n lo èrò náà fi ń jẹ́rìí pé ó ṣiṣẹ́? Ìdáhùn kò jìnnà. Olùkọ́ tí ó gba èrò náà gbọ́ máa ń gbé àwòrán wá sí kíláàsì, ó ń mú kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì ń fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe. Gbogbo kíláàsì ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé máa ń pẹ́ lọ́kàn ju èyí tí ó gba ọ̀nà kan lọ. Ohun tí olùkọ́ náà ṣe dára. Àlàyé tí ó ṣe nípa rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

4.0 Ìkọ́ni Lóde Ilé-Ìwé ní Ọ̀fà

Kí ọmọ Ọ̀fà tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ohun ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mẹ́ta nínú wọn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ mẹ́nu bà, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà bá ìyàtọ̀ ọmọ lò ní ẹ̀kọ́ nínú.

4.1 Ìjàkadì

Ìjàkadì ni wọ́n fi mọ Ọ̀fà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì gba ipò pàtàkì nínú oríkì ìlú náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìjàkadì gbọ́dọ̀ fi ojú wo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jà, kí ó fi ara gba ìṣubú, kí ó sì fetí sí ohun tí àwọn tí ó yí wọn ká ń wí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ọmọ pé ojú nìkan ni tirẹ̀, pé kí ó jókòó kí ó máa wò. Iṣẹ́ náà ni ó sọ ohun tí yóò gbà. Ibi tí ìyàtọ̀ ọmọ ti wọlé ni yíyan ẹni tí yóò bá a jà: ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó sí ẹgbẹ́. Ọmọ tí ó bá ń dá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́ nǹkan mọ́, ọmọ tí wọ́n bá sì fà lé ẹni tí ó jù ú lọ fíìfíì, ẹ̀rù nìkan ni yóò kọ́. Ẹni tí ó fi díẹ̀ jù ú lọ ni ó lè kọ́ ọ níjà.

4.2 Ilé Kéwú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà ni ó ń lọ sí ilé kéwú ní àfikún sí ilé-ìwé ìjọba. Ní ilé kéwú ti àtijọ́, wàláà kọ̀ọ̀kan ní olówó rẹ̀. Ogójì ọmọ lè jókòó yí àfáà kan ká, kí ó má sì sí méjì tí ohun tí a kọ sára wàláà wọn dọ́gba. Ọmọ yóò kà á, yóò tọ́ka sí i, yóò kọ ọ́, yóò sì ké e títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tí ó bá ké e fún àfáà láìṣì ni wọn yóò fọ wàláà náà tí wọn yóò kọ òmíràn sí i. Àwọn àgbà ọmọ ni ó ń gbọ́ ti àwọn kéékèèké. Ẹni tí ó yára yóò yára dé wòlímà. Ẹni tí kò yára yóò pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n fọ wàláà fún kí ó tó mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀.

Ilé-ìwé ìjọba, ní tirẹ̀, ń fọ wàláà gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ kan náà. Bí sáà bá parí, orí ẹ̀kọ́ ti yí padà, ẹni tí ó yé àti ẹni tí kò yé jọ ń lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kéwú náà kò bọ́ lọ́wọ́ àléébù. Pàṣán pọ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ sì lè ké odidi súrà láì mọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ilé-ìwé yá lọ́wọ́ rẹ̀ ni ètò wàláà. Kò nílò láti yá pàṣán.

4.3 Oríkì

Barber (1991) kọ ìwé ńlá lórí oríkì àti àwọn obìnrin ní Òkukù, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà reluwé láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà. Ohun tí ó hàn gbangba níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin agbolé tí ó mọ oríkì kò jókòó níwájú olùkọ́ kan láti kọ́ ọ. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kí àwọn ará ilé lówùúrọ̀, wọ́n wà níbi ìyàwó àti níbi òkú. Wọ́n mú èyí tí etí wọn gbà, wọ́n sì ń fi kún un bí ọjọ́ orí wọn ti ń pọ̀ sí i. Èyí yàtọ̀ sí ti ìjálá, níbi tí ọmọṣẹ́ ti ń tẹ̀lé ọ̀gá káàkiri (Babalọlá 1966), ó sì yàtọ̀ sí ti Ifá, níbi tí ọmọ awo ti kọ́kọ́ ń fi ojú àti ọwọ́ mọ odù lára ọ̀pẹ̀lẹ̀ kí ó tó máa há ẹsẹ Ifá sórí díẹ̀díẹ̀ (Abímbọ́lá 1976). Ìran kan náà ni ó ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀nà ìkọ́ni bá ti ara irú ènìyàn wá ni, ọ̀nà kan ni ìbá ti tó wọn. Irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ni ó mú kí ọ̀nà yàtọ̀.

5.0 Oríkì Nínú Kíláàsì

Nígbà tí Babalọlá tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní ọdún 1967, tí oríkì ìran Olófà sì wà nínú rẹ̀, oríkì wọ ilé-ìwé ní aṣọ tuntun. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ di ohun tí wọ́n ń kà. Èrè rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ohun tí ikú ì bá ti gbé lọ pẹ̀lú àwọn àgbà ni ìwé dá dúró. Ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ tuntun ka olùkọ́ níwájú.

Kí ẹnìkan fi ojú inú wo kíláàsì ilé-ìwé girama kan ní Ọ̀fà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ka oríkì Olófà. Ọmọ mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni èkíní dàgbà sí nínú agbolé. Ó lè ké ìdajì oríkì náà láì wo ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé fún un, àmì ohùn a máa dà á láàmú. Èkejì mọ ìwé kà dáadáa, Yorùbá sì ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ oríkì láti ẹnu ènìyàn rí àfi lórí rédíò. Ó ń kà á bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé ìròyìn. Ọmọ àlejò ni ẹ̀kẹta. Reluwé ti ń kó oríṣiríṣi ènìyàn wá sí Ọ̀fà láti ayé àwọn òyìnbó, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1992 sì fi kún wọn. Èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé ọmọ náà. Yorùbá ìgboro ni ó gbọ́, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ inú oríkì kò yé e.

Bí olùkọ́ kíláàsì yìí bá tẹ̀lé èrò ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́, yóò pe èkíní ní ẹni-etí, yóò sì máa ké oríkì fún un. Yóò pe èkejì ní ẹni-ojú, yóò sì fún un ní ìwé. Yóò wá iṣẹ́ ọwọ́ fún ẹ̀kẹta, bóyá kí ó ya àwòrán oníjàkadì méjì. Inú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dùn. Ní òpin sáà, èkíní kò ní tíì mọ àmì ohùn, èkejì kò ní tíì gbọ́ bí oríkì ṣe ń dún, ẹ̀kẹta yóò sì ní àwòrán lọ́wọ́. Ohun tí oníkálukú mú wá láti ilé ni wọ́n tún dá padà fún un. Níbí ni àṣìṣe èrò náà ti hàn jù: ohun tí ó pè ní irú ọmọ, ìtàn ọmọ ni. Ohun tí ọmọ ti ní àǹfààní láti kọ́ ni ó sọ di àbùdá rẹ̀, ó sì wá sọ àbùdá náà di odi tí ọmọ kò ní lè rékọjá.

Iṣẹ́ oríkì fúnra rẹ̀ kò gba irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ìró ohùn ni ó gbé ìtumọ̀ dúró nínú rẹ̀: ẹni tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò lè gbádùn ìfọ̀rọ̀dárà tí akéwì gbé ka orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè fi ojú rí i lórí ìwé kò lè ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Etí kò tó, ojú kò tó. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo kíláàsì jọ gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rin kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n gbọ́ oríkì náà pẹ̀lú ìwé ní pípadé, láti ẹnu àgbà tí wọ́n pè wá, tàbí láti ẹnu ọmọ kìíní tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí ọ̀mọ̀ràn rí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ìwé, kí wọ́n fi ohùn tàbí ìlù dùndún tẹ̀lé àmì orí ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí akéwì ti mí. Ẹ̀kẹta ni ìtumọ̀: àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti di àtijọ́, àwọn orúkọ ènìyàn àti ibi, àti ìtàn tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀kẹrin ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ gba oríkì ìdílé tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ọmọ àlejò yóò gba bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní ìdílé tirẹ̀ wá, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan wà tí ó mọ̀ ọ́n jù, ẹnìkan sì wà tí ó jẹ́ àlejò níbẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn ọmọ di ohun tí kíláàsì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó kù fún olùkọ́ láti ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí ó mọ ẹnu ọ̀nà tí ó há mọ́, kí ó sì dúró tì í níbẹ̀.

6.0 Olùkọ́, Èdè àti Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ti Kọ Sílẹ̀

Olùkọ́ tí yóò ṣe ohun tí apá karùn-ún sọ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà dénú. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo dé oko kò lè tọ́ka ọ̀nà mìíràn fún ẹni tí ó ṣìnà. Ní ọdún 2008, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara dán olùkọ́ 19,125 wò. 75 péré ni wọ́n dé ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀. Ìtìjú ńlá ni ó jẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olùkọ́ náà nìkan ni ó jẹ̀bi. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 kó ọmọ tí ó ju èyí tí ìjọba retí lọ sínú kíláàsì, wọ́n sì ní láti fi ìkánjú wá olùkọ́. Láti ìgbà ìdánwò náà, ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ náà gbà ni kí wọ́n máa kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́. Ètò KwaraLEARN tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 gbé e dé orí ẹ̀rọ táblẹ́ẹ̀tì: olùkọ́ ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ fún un.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gba ọmọ lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò mọ nǹkan, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ kò ní etí. Kò lè gbọ́ pé ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ti há. Bí olùkọ́ bá ka ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ tán láì wo ojú àwọn ọmọ, wàláà gbogbo kíláàsì ni wọ́n tún fọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ èdè wà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù láàárín àwọn ọmọ ní kíláàsì kìíní lè jẹ́ pé èdè olùkọ́ yé àwọn kan, kò yé àwọn kan. Ètò Ifẹ̀ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, fi hàn pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 fi èdè ìbílẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tuntun ti 2022 nà án dé ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ó ṣeni ní kàyéfì pé àwọn tí wọ́n ń sọ pé kí ìkọ́ni bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu kì í sábà mẹ́nu ba èdè, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ìbámu àkọ́kọ́.

7.0 Àwọn Àtakò

Àtakò mẹ́ta ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé dìde sí ohun tí bébà yìí sọ. Èkíní ni pé àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò ríran tàbí tí wọn kò gbọ́ràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí ó yàn láàyò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ìwé ìbéèrè sì kọ́ ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó tilẹ̀ burú kí wọ́n da ọ̀ràn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tí ó kàn fẹ́ràn àwòrán.

Èkejì ni pé kíláàsì pọ̀ jù fún olùkọ́ láti mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ ibi tí ọmọ dé ju kí olùkọ́ mọ irú tí ó jẹ́ lọ. Kí ọmọ ka ìlà mẹ́ta sókè ti tó láti fi ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ hàn. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ti lo irú ọ̀nà yìí: fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, wọ́n kó ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálukú lè kà, láìwo kíláàsì tí ó wà, wọ́n sì ń tún wọn pín bí wọ́n ti ń tẹ̀síwájú. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi dán ọ̀nà yìí wò fi hàn pé ó ran àwọn tí ó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ ilé kéwú kò ní kà á sí ohun àjèjì.

Ẹ̀kẹta ni pé kíkó ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n dé lè di orúkọ mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn. Àtakò yìí ni ó wúwo jù. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn dé jẹ́ ohun tí ń yí padà. Ọmọ tí ó há lónìí lè kọjá lọ́la, bí olùkọ́ bá ń padà wò ó. Níbi tí olùkọ́ kò bá ti padà wò ó, ibi tí ọmọ dé yóò di irú tí ó jẹ́, èrò tí bébà yìí ń takò yóò sì ti gba ẹ̀yìn wọlé.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti yẹ èrò ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ wò, ó sì ti fi hàn pé ẹ̀rí tí ó yẹ kí ó dúró lé kò sí níbẹ̀. Ó ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìjàkadì, ilé kéwú àti oríkì ní Ọ̀fà, ó sì rí i pé nínú gbogbo wọn, iṣẹ́ ni ó ń sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọ́ ọ, ibi tí ọmọ dé ni ó sì ń sọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n dá gbogbo ìkọ́ni ilé padà, nítorí pé ìkọ́ni ilé ní àléébù tirẹ̀. Ó sọ pé kí olùkọ́ lo ọ̀nà púpọ̀ fún gbogbo ọmọ, kí ó má ṣe fi ọ̀nà kan há ọmọ kan mọ́.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ọmọ tí ó ké oríkì Olófà láì wo ìwé ní ẹ̀tọ́ láti kà á, ọmọ tí ó mọ ọ́n kà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ, ọmọ àlejò sì ní ẹ̀tọ́ sí méjèèjì. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé apá kan nínú ogún náà kì í ṣe ti irú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni ó fi sọ ọ́, ó ti pín ogún tí kò ní àṣẹ láti pín.